Àpò Tí A Kò Ṣí

Ní Láfẹ́nwá, nísàlẹ̀ ojú irin,
Bàbá Sùfíánù ń ta ṣingọ́ọ̀mù nínú páálí pupa.
Náírà méjì ni. Adùn rẹ̀ kì í dé Ìbarà
kó tó di rọ́bà lẹ́nu,
ṣùgbọ́n ta ló ń ra adùn?
Káàdì la ń rà: àwòrán agbábọ́ọ̀lù kan
tó tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ bébà,
tí ìyẹ̀fun bò lójú bí ẹni tó kun àtíkè.

A kò lè pe orúkọ wọn, orúkọ òyìnbó lílọ́.
A sọ wọ́n ní tiwa:
Onírùngbọ̀n, Ẹlẹ́sẹ̀-Ọ̀pọ̀lọ́, Ọkọ Ìyá Tíṣà,
Àgbàlagbà-Kì-Í-Sáré.
Mẹ́rìnlélógún ni gbogbo wọn.
Mo ní mẹ́tàlélógún.
Aṣọ́lé tó wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ ewé,
òun ló ń sá fún mi.

Mo jẹ ṣingọ́ọ̀mù títí àgbọ̀n fi ń dùn mí.
Mo jí owó ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì (ẹ má wí fún màmá mi,
ó ṣì wà ní Ìjẹmọ̀, etí rẹ̀ kò sì dí).
Mo ṣí i, Onírùngbọ̀n. Mo tún ṣí i, Onírùngbọ̀n.
Ó di mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi,
bí àlejò tí kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́.

Mọ́ńsúrù ọmọ télọ̀ ló ní aṣọ́lé.
Kì í pààrọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ló mọ̀:
ká tẹ́ káàdì sórí àpáta ẹ̀yìn ilé wọn,
ká gbá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pàá!
Èyí tó bá yíjú padà di tẹni tó gbá a.
Àpáta náà a máa gbóná lọ́sàn-án bí irin ìlọṣọ,
káàdì a ká lórí rẹ̀ bí ewé gbígbẹ,
igun rẹ̀ a jẹ, ojú rẹ̀ a họ.
A kò kà á sí. Ohun tí a fẹ́ràn là ń gbá.

Sátidé kan tí ọ̀yẹ́ bo Olúmọ lójú,
mo fi Onírùngbọ̀n mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kalẹ̀, mo fi bẹ́líìtì mi lé e.
Mo gbá a. Aṣọ́lé dìde,
ó fẹ̀gbẹ́ dúró,
ó rò ó wò,
ó dojú délẹ̀.
Mọ́ńsúrù kò sunkún. Ó ní kí n dúró.
Ó wọlé, ó mú bírò bàbá rẹ̀ jáde,
ó ya irunmú sí aṣọ́lé lójú.
Ó ní, "Ó yá. Máa gbé e lọ."

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n rèé.
Dọ̀tun ọmọ àbúrò mi ń ta káàdì lórí fóònù
nínú yàrá kan ní Pańṣẹ́kẹ́.
Ó ní àpò mẹ́fà, ti ayé ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí.
Mo nawọ́ sí ọ̀kan, ó pariwo:
"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má ya á! Bí ẹ bá ya á, owó ti lọ."
Ta ló wà nínú rẹ̀? Ó ní òun kò mọ̀.
Ẹni tó máa rà á kò ní mọ̀.
Ẹni tí ìyẹn bá tún tà á fún kò ní mọ̀.

Mo gbé agolo bísíkíìtì mi wá.
Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ń yẹ̀ wọ́n wò bí nọ́ọ̀sì.
Ó ní ibì kan wà lókè òkun tí wọ́n ti ń fún káàdì ní máàkì,
wọn a sé e mọ́nú ike,
ìka ènìyàn kò ní kàn án mọ́ láé.
Ó dé orí aṣọ́lé. Ó mí kanlẹ̀.
"Èyí ni ì bá gbówó jù.
Ta ló fi bírò bà á jẹ́ báyìí?"

N kò dá a lóhùn.
Mo ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà sórí tábìlì,
mo mú àpò kan, mo fi eyín ya á.
Dọ̀tun dọwọ́ bojú.
Ṣingọ́ọ̀mù ti di òkúta. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.
Mo fẹ ìyẹ̀fun kúrò lójú ẹni tó wà nínú rẹ̀:

Onírùngbọ̀n.
Ó di mẹ́wàá.